Àdúrà Tí À Ń Fi Dáì Pa Rẹ́

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ rí ènìyàn pè jọ, àwọn àgbààgbà gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti omi síwájú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Wọ́n ní n ó gbó, n ó tọ́. Wọ́n ní n ó hewú lórí, n ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Gbogbo ilé ń ṣe àmín. N kò lè bá wọn ṣe é lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ sọ pé n kò fi ọwọ́ sí àdúrà náà, nítorí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni èmi pẹ̀lú ti ń ṣe àmín sí i ní ilé ìkómọ, ní ibi ìgbéyàwó, ní ibi ìṣílé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ iye ìgbà tí a ń dárúkọ ewú kí oúnjẹ tó dé.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 52, àdúrà náà gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara mi, mo so aṣọ ìnura àlòkù mọ́ ọrùn, mo po ìyẹ̀fun dúdú kan mọ́ omi nínú ife oníke, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kun àdúrà àwọn baba mi ní dúdú títí kò fi ku ẹyọ kan. Ìdí tí mo fi ṣe é kò níyì láti sọ. Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun kan wá sí ibi iṣẹ́ wa, ọmọkùnrin tí kò tí ì pé 40 ọdún, ó sì ti sọ ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ni òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni ìyá mi dé láti Abẹ́òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò tètè dá mi lóhùn. Ó ń wo iwájú orí mi, níbi tí dáì náà ti ṣàn dé awọ, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n fi èédú fa ìlà yí mi lójú ká. Ó ní, “Àjàní, ta ló kú?” Mo ní kò sí ẹni tí ó kú. Ó ní, “Kí ló wá dé tí orí rẹ fi wọ aṣọ ọ̀fọ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ bá ìwà yìí jà nínú àròkọ yìí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ẹni tí kò jẹ gbì ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí ewú jẹ́ gan-an. Ẹni tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé irun di funfun, bí ẹni pé irun dúdú kan wà lórí jẹ́ẹ́jẹ́ tí nǹkan kan ṣe é tí ó fi ṣá. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. A ní ènìyàn hu ewú, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń hu eyín. Èdè tiwa ni ó sì bá òtítọ́ mu. Nídìí irun kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ awọ orí, ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fi àwọ̀ sínú irun bí ó ti ń hù bọ̀. Nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n tí wọ́n sì ṣíwọ́, irun tí ó bá hù lẹ́yìn wọn a jáde láìní àwọ̀. Irun dúdú kan kò yí padà lójú ẹni. Tuntun ni ó hù, funfun ni ó sì bá wáyé. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ pé irun àwọn ti bàjẹ́, pé àwọn fẹ́ tún un ṣe, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ irun tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta láyé.

Ìyá tí ó bí ìyá mi jẹ́ aláró ní Ìtòkú. Ìkòkò aró mẹ́fà ni ó ní lẹ́yìnkùlé. Mo rántí ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n sá sóòrùn. Mo rántí eérú tí wọ́n ń da omi sí nínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, tí omi náà yóò máa kán tó, tó, tó sínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Mo rántí òórùn rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ rántí rẹ̀. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró kì í dúdú. Ó máa ń sún mọ́ àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ni yóò tó máa ṣú díẹ̀díẹ̀ níṣojú wa, tí a ó máa pariwo bí ẹni wo eégún. Ọwọ́ màmá náà dúdú láti èékánná títí dé ìgúnpá, kò sí ọṣẹ tí ó ràn án. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ funfun bí òwú. Obìnrin tí ó mọ bí a ti ń sọ ohun funfun di dúdú ju ẹnikẹ́ni tí mo tí ì bá pàdé láyé lọ, kò fi ẹ̀kán aró kan kan irun ara rẹ̀. Bí a bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, a ní aṣọ funfun ni àwọn àgbà sọ pé ó ń sunkún aró, òun kò tí ì gbọ́ ẹkún irun funfun rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí rò pé mo kórìíra ohun tí òyìnbó ṣe. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Aláké Ládápọ̀ Adémọ́lá wà lórí ìtẹ́, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lórí ọ̀rọ̀ aró yìí kan náà. Aró àtọwọ́dá, tí àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1897, ti kún ọjà. Sóódà ti bá a dé, ó sì ti gba ipò omi eérú. Iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ di iṣẹ́ wéré. Àwọn aláṣẹ ní ó ń ba aṣọ jẹ́, wọ́n fẹ́ fi òfin dè é. Àwọn obìnrin aláró fi ẹ̀hónú hàn, wọn kò gbà. Ilé ìyá mi wà lẹ́yìn àwọn onísóódà, n kò sì rò pé ó yẹ kí n máa tijú nítorí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́jọ láti bọ́ ni ó mọ iye tí ọjọ́ kan tó. Ṣùgbọ́n ìjà gbangba ni ìjà náà. Wọ́n bi ara wọn léèrè lójú ọjà pé kí ni nǹkan yìí ń ṣe sí aṣọ, ta ni yóò jèrè, ta ni yóò gbé àdánù. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn ìyá wa fa ọ̀rọ̀ títí dé ààfin lórí ohun tí wọ́n ń fi sí aṣọ, ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń fi sí agbárí, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Kò sí ẹni tí ó bi wá, àwa náà kò sì bi ara wa.

Ó dára, kí ni ó wà nínú rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú tí à ń lò nílé, ohun kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ gùn, paraphenylenediamine, tí àwọn onímọ̀ ké kúrú sí PPD. Ìran àwọn àwọ̀ tí a kọ́kọ́ rí fà yọ láti inú ọ̀dà èédú ni. Ọmọkùnrin ọdún 18 kan ní London, William Perkin, ni ó ṣí ilẹ̀kùn wọn ní ọdún 1856, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ èyí: oògùn ibà ni ó ń wá kiri tí ó fi bá àwọ̀ pàdé. Ní ọdún 1907, Eugène Schueller ń ṣe dáì irun tirẹ̀ fún àwọn onídìrí ní Paris, ilé-iṣẹ́ tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni gbogbo ayé mọ̀ sí L'Oréal lónìí. PPD fúnra rẹ̀ kò dúdú. Bíi ti aró màmá mi, ìgbà tí ọ̀sígìn bá kàn án ni ó ń ṣú. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ inú irun. Bí ó bá sì wọlé tán, ohun tí a pò mọ́ ọn a mú kí èyí so mọ́ ìyẹn, wọn a tóbi, wọn a dúdú, wọn kò sì ní lè gba ọ̀nà tí wọ́n bá wọlé jáde mọ́. Ọgbọ́n ni. N kò ní sọ pé kì í ṣe ọgbọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré tó láti wọ inú irun, ó kéré tó láti wọ inú awọ. Ara a máa gbà á lẹ́ẹ̀kan, a máa gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bóyá fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan, ara á kọ̀ ọ́, bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, kò ní gbàgbé mọ́. Awọ orí á yún, ojú á wú, omi á máa jáde létí. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà kí PPD inú ohun tí ó bá kan orí ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ní ilẹ̀ Sudan, níbi tí àwọn obìnrin ti ń po ògidì rẹ̀ mọ́ làálì kí ó lè tètè dúdú, àwọn dókítà Khartoum ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn tí ọ̀fun wọn wú títí èémí kò fi rí ọ̀nà gbà, tí kíndìnrín wọn sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí á má sì sọ pé Sudan jìnnà. Làálì dúdú tí àwọn kan ń lé sọ́wọ́ ìyàwó nílẹ̀ wa, bí ó bá ti dúdú bí ìdí ìkòkò, kí ẹ mọ̀ pé làálì nìkan kọ́ ni. Pupa ni làálì ń ṣe láyé. Àwọn àáfà ti ń jiyàn lórí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́: wọn kò rí ibi nínú làálì lórí ewú, dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọminú sí. Èmi kì í ṣe àáfà, n kò sì ní dá sí i, àfi kí n sọ pé ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí osùn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àbúrò mi obìnrin ń ta aṣọ lọ́jà. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń fi dáì kun irun rẹ̀ nílé, lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, nítorí irun kì í dẹ́kun híhù, ìdí rẹ̀ á sì tún máa yọ funfun bí ẹ̀rí tí kò ṣe é pa mọ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ọmọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ó ra èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, tí kò ní páálí, tí kò ní ìwé, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì ti pa dé. Iwájú orí rẹ̀ wú, ó sì yọ síta bí ẹni tí agbọ́n ta. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, gíláàsì dúdú ni ìyá ìyàwó wọ̀. Wọ́n ń ná owó fún un lágbo, kò rí i, ọmọ mi ni ó ń bá a ṣà á nílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ bá a, mo sì ro gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún un, láti ọjọ́ ìkómọ títí dé Khartoum. Mo fi òwe tì í. Mo ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Mo dárúkọ Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta wa ní ọdún 1934, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tí ì ka ewé kan nínú ìwé rẹ̀ mọ irun orí rẹ̀ láti òkèèrè. Mo ní kí ó bá mi fojú inú wo orí náà pẹ̀lú dáì.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ dárúkọ obìnrin kan fún mi.”

Mo ronú. Ìyá Ẹ̀gbá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ni ó wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán rẹ̀ tí mo rántí, gèlè ni mo ń rí.

Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Bí ewú bá bo orí yín, wọn a ní bàbá dé, wọn a gbé àga. Bí ó bá bo orí tèmi, oníbàárà á kọjá ṣọ́ọ̀bù mi lọ sọ́dọ̀ ọmọdé tí ó wà níwájú, pé òun ni yóò mọ aṣọ tí ó lòde. Bí ọmọ kan bá sì kú ládùúgbò, orí obìnrin tí ó funfun ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ewú yín, iyì. Ewú tèmi, àjẹ́. Ẹ sọ fún mi, balùwẹ̀ ta ni ó yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ lọ gba dáì?”

Mo ti ń kọ àròkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wọ́pọ̀ kí n ní èsì kí ẹni tí ń bá mi jiyàn tó dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, n kò ní. Nígbà tí mo délé ni mo tó yẹ òwe tí mo ti ń fi ń ṣe fáàrí láti kékeré wò dáadáa. Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Irùngbọ̀n ta ni? Máamú ta ni? Òwe náà kò rántí pé obìnrin ní orí. Ẹ sì lọ wo eré àgbéléwò wa. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí á mọ̀ pé ọkùnrin kan gbọ́n, wọn a da ìyẹ̀fun funfun sí i lórí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí á mọ̀ pé obìnrin kan jẹ́ àjẹ́, ìyẹ̀fun yẹn náà ni. Ọmọdébìnrin òṣèré tí wọ́n kun ní funfun kí ó lè di àjẹ́ fún wákàtí méjì, àti àbúrò mi tí ó kun orí rẹ̀ ní dúdú kí wọ́n má baà pè é bẹ́ẹ̀ títí ayé, ojú kan náà ni wọ́n jọ ń sá fún.

Nítorí náà, n kò ní bá àbúrò mi jà mọ́. Ìjà mi dọwọ́ àwa ọkùnrin, àwa tí ewú kò fi nǹkan kan dù, tí a tún ń sá fún un.

Ẹ wo àwọn ibi iṣẹ́ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba á fẹ̀yìn tì ní ọdún 60, tàbí bí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Òfin ọdún 2012 fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì láǹfààní títí di ọdún 70, ti ọdún 2022 sì sún ti àwọn olùkọ́ sí 65. Ẹni tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọgbọ́n kì í bá irun dúdú lọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ọkùnrin tí ó ní ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ mọ̀, ọ̀kan tí ó lọ búra sí ní kọ́ọ̀tù? Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ra dáì. Dáì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ìwé tí ó fi búra wà nínú fáìlì, dáì ni yóò máa tì í lẹ́yìn lójoojúmọ́, títí tí owó ìfẹ̀yìntì yóò fi dé.

Àwọn olóṣèlú wa ńkọ́? Bí ọdún ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ máa wo àwòrán wọn lára ògiri. Ẹni tí ó ti wà nípò láti ìgbà tí mo ń wọ ṣòkòtò péńpé, irun rẹ̀ á dúdú ju ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, wọ́n ṣe òfin tí ó dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò ààrẹ kù láti 40 sí 35, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ráyè wọlé. Kí ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣe? Wọn kò dìde lórí àga. Dáì ni wọ́n rà.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ ni òwe yẹn gbé fún àgbà, kò fi yìn ín. Obìnrin tí ó pọnmọ gba ọjà kọjá, tí orí ọmọ rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò mọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò rí i fún un. Bí gbogbo orí tí ó wà lọ́jà bá dúdú kirikiri, ta ni ìyá ọmọ náà yóò yíjú sí? Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣàròyé pé kò sí àgbà mọ́. Àgbà wà o. Ó wà ní balùwẹ̀, ó ń dúró kí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n pé kí ó tó fọ orí. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa mọ́ ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ohun tí ọjọ́ orí ń béèrè: kò ní láti bá ẹnikẹ́ni wí, kò ní láti parí ìjà, kò ní láti sọ pé òun rí irú èyí rí, ó sì burú. Ẹgbẹ́ ọmọdé ni òun náà, ó ń wá iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka gbogbo èyí, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì kun ún ní Sátidé. Ó dára. Kí wọ́n ra èyí tí ó ní páálí àti ìwé. Kí wọ́n po díẹ̀, kí wọ́n fi kan ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgúnpá, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí 48, lọ́jọ́ gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ kun ún, kì í ṣe ti ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Kí wọ́n má ṣe fi sí ìpéǹpéjú tàbí ìgbégbéréjú láé. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ìpéǹpéjú fọ́ ojú àwọn obìnrin. Bí ibi tí wọ́n fi kàn bá yún wọn, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n má sì tún ra òmíràn tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè máà yàtọ̀.

Èmi kò kun tèmi mọ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Fún bí oṣù mẹ́rin, orí mi jẹ́ aláwọ̀ méjì, àwọn ọmọ àdúgbò sì rí nǹkan fi ṣeré. Onígbàjámọ̀ tí mo ń lọ bá kì í dákẹ́, bí ó bá ti gé e tán, yóò ti gbé ìgò sókè, yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ sí i, Bàbá, díẹ̀ péré, ní iwájú.” Ọ̀gá tuntun ibi iṣẹ́ wa ti lọ kí irun mi tó funfun tán, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn láìbi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí. Ìyá mi rí orí mi bí ó ti rí yìí kí ó tó papò dà. Ó fi ọwọ́ pa á, kò sọ nǹkan kan.

Àbúrò mi ni kò tí ì tán lọ́rọ̀ mi. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó má ṣe fi dáì kan orí mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ sì ni. Ó ti gé irun náà mọ́lẹ̀, ó sì ń hù bọ̀, funfun báláú. Ní oṣù tí ó kọjá, ó pè mí sórí fóònù, ó ní òun fẹ́ mú ọjọ́ kan tí òun yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láìwé nǹkan kan mọ́rí, kí gbogbo ọjà rí òun. Ó ní ṣé n ó wá jókòó ti òun lọ́jọ́ náà, kí n sì mú àwọn ọ̀rẹ́ mi onírùngbọ̀n dání, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí òun lójú ọ̀nà níbi tí gbogbo oníbàárà yóò ti rí i. Mo ní n ó wá. Mo ti bá méjì nínú wọn sọ ọ́. Ọ̀kan gbà, èkejì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo bi àbúrò mi pé ọjọ́ wo ni. Ó ní òun kò tí ì mọ̀, kí òun bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀ ná, pé títí di ìgbà náà, gèlè wà.